Kó o tó lọ wo Hotel Theresa

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà pé dáadáa lo wà.

O ní o fẹ́ wo Hotel Theresa tó o bá dé New York. Má ṣe wá yàrá síbẹ̀ o, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Wọ́n tì í pa ní 1967, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ọ́fíìsì. Wọ ọkọ̀ ojú irin A tàbí D, kó o sọ̀ ní 125th Street, kó o máa rìn lọ sí ìlà oòrùn. Wàá kọjá Apollo Theater lọ́wọ́ òsì. Bó o bá ti dé oríta Adam Clayton Powell, ilé funfun gíga tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Má dúró sí ẹsẹ̀ ilé náà, ṣọ́ọ̀bù nìkan lo máa rí. Sọdá lọ síbi ère Powell, aṣòfin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì náà, kó o gbójú sókè: gbogbo ọnà ara rẹ̀ yẹn, amọ̀ sísun ni, kì í ṣe òkúta.

Alájà 13 ni. Gustavus Sidenberg ló kọ́ ọ láàárín 1912 sí 1913, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè é. Títí di 1940, aláwọ̀ dúdú kò lè gba yàrá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àárín Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ló wà. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ni iyì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú kì í gba èèyàn dúdú, kódà olórin tó ṣeré fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà Theresa ni Joe Louis tó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, àti àwọn olórin bíi Duke Ellington àti Lena Horne ń dé sí. Ní September 1960, Fidel Castro, olórí Cuba, bá hòtẹ́ẹ̀lì kan jà lórí owó, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbẹ̀. Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wá kí i, Khrushchev, olórí Soviet Union, náà wá. Ibẹ̀ náà ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tí Malcolm dá sílẹ̀ ní 1964 wà, ọdún kan náà tó wá sí Yunifásítì Ìbàdàn yín, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fún un lórúkọ Ọmọwálé.

Nígbà tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó kù wá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn, àwọn olówó Harlem gba ibẹ̀ lọ. Owó tó ń wọlé kò tó tún yàrá ṣe mọ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: 1993 ni ìlú fòfin dáàbò bo ilé náà, ara ìta nìkan sì ni. Ara ìta yẹn, Sidenberg ló ṣe é fún àwọn aláwọ̀ funfun. Yàrá, ilé ọtí àti gbọ̀ngàn àbáwọlé tí àwọn èèyàn wa sọ di ńlá, wọ́n ti tú u palẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ́fíìsì, kó tó di pé òfin dé. Nítorí náà, wá àwòrán 1960 sórí fóònù rẹ kó o tó lọ, pàápàá èyí tí èrò kún títì, kó o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ò ń wò.

Kọ ọjọ́ tí wàá dé sí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Káyọ̀dé