A kì í báni ṣe TMA: lẹ́tà láti Ṣakí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ò sì ní rẹ̀ ẹ́ láéláé. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ má fi ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ṣe ìgbéga fún òṣìṣẹ́ kankan mọ́, nítorí pé orí fóònù ni wọ́n ti gbà á. Inú bí mi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ló pa. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní níbí ní Ṣakí. À ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Àwọn tó ń ka yunifásítì láti ilé wọn pọ̀ nínú oníbàárà mi: tíṣà, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ káńsù, àti ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ohun tó ń ṣojú mi nípa TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá òǹkàwé yín lóhùn lórí ẹ̀gàn yẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ilé níbí ló sì jókòó sí tó fi dá ìwé rẹ̀ kà. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974. Ti National Open University, yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti ìjọba àpapọ̀, ló wá ya èèyàn lẹ́nu. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 1983, nígbà Ṣàgàrí. Nígbà tó fi máa di 1984, ìjọba ológun Bùhárí ti ní kí wọ́n tì í pa, ó sì di ayé ìjọba Ọbásanjọ́ kó tó tún jí dìde. Nígbà tí Baba kúrò lórí àléfà, òun náà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìsìn Kristẹni títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀, àwọn tó ka lọ́ọ̀ níbẹ̀ jókòó sílé fún ọdún pípẹ́, Law School tó ń sọni di lọ́yà kò gbà wọ́n, NYSC kò sì pe àwọn ọ̀dọ́ inú wọn, títí di oṣù December 2018 tí Ààrẹ fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà. Ta ni Ààrẹ ọ̀hún? Bùhárí kan náà ni. Ẹ ò rí ayé bí?

Nítorí náà, ẹ má bá mi sọ pé ẹ̀kọ́ náà ló burú. TMA ni ìṣòro.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, TMA ni iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún wọn, tó sì ní máàkì. Lọ́dọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, 30 nínú 100 ló wà níbẹ̀. Ìdánwò ló kó 70 tó kù, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí sẹ́ńtà kó tó lè ṣe é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni TMA wà ní tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ku ọ̀la kí wọ́n tì í, ṣọ́ọ̀bù mi á kún fọ́fọ́. Ọ̀gá kan wọlé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó ju bébà pélébé kan sórí tábìlì mi. Rìsíìtì epo bẹntiróòlù ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà àti páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mò ń lọ jẹ àmàlà. Èló ni?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, títẹ̀ là ń tẹ̀ níbí, a kì í báni dáhùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má ṣe bí ẹni mímọ́, pé àwọn ti ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì á gbà á. Wọ́n sì gbà á lóòótọ́. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ló ń bá wọn ṣe é níbẹ̀. Kò ka ojú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé wọn. Á da ìbéèrè sí Google tàbí ChatGPT, á mú èyí tó bá gbé wá, ó parí. Nígbà tó yá, ọ̀gá mi padà wá pé kí n tẹ máàkì TMA òun jáde. Ó gba 28 nínú 30 níbì kan. Ó nawọ́ sí i, ó ní kí n bá òun wò ó, kí ni wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì yẹn ná? Èsì ìdánwò dé, F ni. Ó ní àwọn ará ilé òun ló wà nídìí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí tirẹ̀ yàtọ̀. Láàárọ̀, tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ yà. Á ní kí n tẹ ìwé kọ́ọ̀sì òun síwá-sẹ́yìn kí owó bébà má bàa pọ̀ jù, kí n sì bá òun dì í. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á máa fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, oorun á sì máa gbé e lọ, á tún jí. Bó bá kan ìṣirò tí kò yé e, á gbójú sókè, á bi mí. Èmi wo! OND ni mo ní. Ẹni tó yẹ kó bi kò sí nítòsí, olùkọ́ inú fídíò sì ti sọ tirẹ̀ lọ. Mo ti rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bíi tirẹ̀, tó sú wọn, tí wọ́n fi gba òdìkejì lọ.

Ìyá mi náà kẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà yìí. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ National Teachers' Institute, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1976, ló ti ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ NCE náà fún àwọn tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí fóònù, kò sí pọ́tà, ìyẹn ojú ìwé yunifásítì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ni wọ́n ń kó fún wọn, wọ́n sì ń pàdé ní Sátidé ní ilé ìwé girama kan nígboro. Èmi náà máa ń bá a lọ, mo máa ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú gúgúrú mi. Olùkọ́ wọn mọ orúkọ gbogbo wọn. Bó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, á wò ó títí, á ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ wá ṣàlàyé ibí yìí fún wa lójú bọ́ọ̀dù." Ìbẹ̀rù bọ́ọ̀dù yẹn ni kì í jẹ́ kí ìyá mi sùn lálẹ́ Fráídè. Ta ló máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn ṣe, nígbà tó mọ̀ pé wọ́n lè pe òun jáde lọ́la?

Ohun tí mo ń bẹ àwọn yunifásítì fún kò ju ìyẹn lọ. Ó kéré tán, kí àwọn ọlọ́dún kìíní máa rí olùkọ́ lójúkojú, ì báà ṣe Sátidé kan lóṣù, kí olùkọ́ sì mú ìbéèrè méjì nínú TMA tí kálukú fi ránṣẹ́, kó ní kó fẹnu dáhùn. Wọ́n á ní kò sówó. Àwọn ilé ìwé girama wa ní Òkè-Ògùn ṣófo ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tíṣà tó ní másítà wà nínú wọn tí owó kékeré á tẹ́ lọ́rùn, bí wọ́n bá sáà ń san án lásìkò. Ní ti òǹkàwé yín, kò yẹ kí ìjọba ju ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni nù. Kí wọ́n pe ẹni tó mú un wá, kí wọ́n bi í ní ohun tó kà. Nọ́ọ̀sì mi á dáhùn. Ọ̀gá alámàlà... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi: a ń tẹ ìwé kọ́ọ̀sì, a ń dì í, a ń kọ́ni bí a ṣe ń wọ pọ́tà lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í báni ṣe TMA.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Kọ̀ǹpútà,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.