Àkànní, kí o tó yọ̀

Johannesburg

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Màmá ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́? Bá mi kí wọn gan-an.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ dùn sí àbá tí àwọn aṣojú-ṣòfin 60 gbé kalẹ̀ l'Ábùjá ní oṣù kejì 2024, pé kí Nàìjíríà padà sí irú ìjọba tí a ń ṣe nígbà ayé Balewa. O ní bí aṣòfin bá ń yan olórí ìjọba, wọn yóò lè yọ ọ́ bó bá kówó jẹ. O tún ní kí n wo South Africa tí mò ń gbé. Òótọ́ ni, àwọn aṣòfin ló ń yan ààrẹ níbí. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Nkandla ni ilé Jacob Zuma, tó jẹ́ ààrẹ níbí nígbà náà, wà, ní KwaZulu-Natal. Ìjọba ní àwọn ń fi ààbò sí i. Ní oṣù kẹta 2014, Thuli Madonsela, tí òfin fi ṣe agbèjà ará ìlú, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde: iṣẹ́ náà yóò tó ráńdì mílíọ̀nù 246. Ọgbà màlúù wà níbẹ̀, ilé adìyẹ wà níbẹ̀, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà wà níbẹ̀. Ó ní kí Zuma dá díẹ̀ padà nínú owó náà.

Ní 2015, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá jáde, ó ní adágún yẹn kì í ṣe ti ìlúwẹ̀ẹ́, omi tí panápaná yóò máa fà ni. Ó ń nu òógùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú tì mí níwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé ọmọ ilé wa ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, wọ́n ní Zuma kò jẹ gbèsè kankan. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, Àkànní.

Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ nìkan ni ará ìlú ń dìbò fún. Ẹgbẹ́ ló ń to orúkọ àwọn tí yóò wọlé, bí ẹgbẹ́ bá sì lé ọ, àga rẹ ti lọ. Ta ni yóò dìde tako ẹni tí ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2016, adájọ́ àgbà Mogoeng Mogoeng ka ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ Nkandla yìí. Gbogbo adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fohùn ṣọ̀kan: Zuma tàpá sí òfin ilẹ̀, ilé aṣòfin pàápàá tàpá sí i. Mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin dìbò bóyá kí wọ́n yọ ọ́: 143 ní kó lọ, 233 ní kó jókòó.

Ó san ráńdì mílíọ̀nù 7.8 ṣá. Báńkì kan tó ń jẹ́ VBS ló yá a. Ní 2018 báńkì yẹn dẹnu kọlẹ̀, owó tí wọ́n jí níbẹ̀ sún mọ́ ráńdì bílíọ̀nù 2, àwọn ìyá arúgbó tó kó owó àjọ àti owó ìsìnkú síbẹ̀ ní Limpopo wá ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mi ò lè rántí àwòrán wọn kí n má bínú.

Zuma kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kejì 2018. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní kó lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti yan olórí tuntun. Kì í ṣe àwọn aṣòfin ló yọ ọ́.

Nítorí náà, bá mi wo àbá yẹn dáadáa: ta ni yóò máa to orúkọ? Bí o bá rí aṣojú yín n'Íbàdàn, bi í, kí o sì kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó