Sí Sípánà Mẹ́rìnlá, lórí híátà tí kò mú inú ọkọ̀ gbóná

Òkè-Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Sípánà Mẹ́rìnlá, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú òtútù. Súwẹ́tà wà lọ́rùn èmi tí mò ń kí ọ yìí, nítorí ọyẹ́ ti mú wa láti ọjọ́ mẹ́ta, ètè gbogbo ènìyàn sì ti là. Nígbà tí mo rántí pé o ní Winnipeg yín ní Kánádà ti wọ 30 ní ìsàlẹ̀ òdo, ojú tì mí, mo bọ́ ọ. Nígbà tó yá, mo tún un wọ̀.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ pé ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì Ọ̀gá wa, tí ó ti tú odidi ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nídìí igi dóńgóyárò, ni híátà ọkọ̀ àlòkù ọdún 2006 wá sọ di ẹni tí ń fi ìbọ̀wọ́ wakọ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. O sọ ọ̀rọ̀ kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu, pé o máa ń bu omi díẹ̀ kún ti ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi wo? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o béèrè, n óò padà sórí omi náà.

O ní híátà náà kò lágbára. Bí oníbàárà bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láyé ọjọ́sí, ìwọ ni o máa ń bi í bóyá atẹ́gùn ni kò jáde dáadáa, tàbí atẹ́gùn ń jáde ṣùgbọ́n kò gbóná. Bí atẹ́gùn ni kò bá tó, yọ fíítà tí ó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí iwájú ìjókòó èrò, kí o wò ó bóyá ewé àti irun ajá ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà ṣáájú rẹ ti dí i pa. Àmọ́ mo gbọ́ ìró fáànù rẹ nínú ohùn náà, ó ń hó bí ìjì, nítorí náà mo gbà pé ooru gan-an ni kò sí.

Ooru yẹn kò ní orísun mìíràn ju omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì lọ, tí ó ń gba inú rédíétọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá. O ní bí o bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì kì í dé àárín, pé ó tilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí o bá dúró níbi iná ojú pópó, abẹ́rẹ́ á gòkè díẹ̀, híátà náà á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tẹ́mósítáàtì nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, fáàfù kékeré tí ń dí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń ṣí i. Tẹ́mósítáàtì tí Ọ̀gá ní kí á máa yọ dànù! Mélòó ni èmi àti ìwọ ti jù sínú garawa irin yẹn? Ọkọ̀ tí ó bá ti wọlé pé ó ń gbóná jù, kí á tó wo fáànù, kí á tó wo wọ́tà pọ́ǹpù, a ti yọ tirẹ̀ kúrò. Ó yẹ kí ó wà ní pípadé títí omi ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé nǹkan bí 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó tó ṣí ọ̀nà sí rédíétọ̀ ńlá. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ tí kò lè padé mọ́, láti ìgbà tí o bá ti ṣíná ni omi ti ń lọ sí rédíétọ̀ ńlá, atẹ́gùn ìlú yín á sì ti gba ooru rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní Òṣogbo níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Lọ́dọ̀ tìrẹ, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí ń jókòó lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Má kàn lọ ra á nítorí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ṣíná, kí o fọwọ́ kan hóòsì òkè rédíétọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kàkà kí ó tutù pẹ́ títí kí ó tó gbóná lójijì, ọ̀rọ̀ mi rí bẹ́ẹ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì ń tàn, jẹ́ kí wọ́n bá ọ ka kóòdù rẹ̀. P0128 ni mo ń retí, èyí tí ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, kan hóòsì méjì tí ó wọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí o ṣọ́ ọwọ́ rẹ lọ́dọ̀ bẹ́líìtì. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, omi kò kọjá, ìdọ̀tí ti dí rédíétọ̀ kékeré náà, tàbí kí fáàfù rẹ̀ wà ní pípadé. Bí méjèèjì bá gbóná gidi tí atẹ́gùn inú ọkọ̀ sì tutù, ìlẹ̀kùn kékeré tí ń darí atẹ́gùn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ló há.

Ará ilé ń kí ọ. Afẹ́fẹ́ ti ká páànù méjì lórí ṣọ́ọ̀bù, Kúrebú ti gba fírídọ̀mù, ó sì ti ṣí tirẹ̀ sí ọ̀nà Ìkìrun, ìyàwó mi náà sì ti bí obìnrin.

Ó kan omi wàyí. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán ni o ń bù sí i, bí a ti ń bu omi kànga sí ti gbogbo ayé níhìn-ín, jọ̀wọ́, dáwọ́ dúró lónìí. Omi tí ó bá dì máa ń wú, ó sì lè la irin ẹ́ńjìnnì. Ìdajì kúláǹtì, oògùn omi ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí ó tètè dì, àti ìdajì omi ni wọ́n ń pò fún irú òtútù yín, kò sì ní dì títí di nǹkan bí 37 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ìgbàkígbà tí o bá bu omi kún un, ìwọ ni o ń dín agbára rẹ̀ kù. Ra èyí tí ìwé ọkọ̀ náà bá dárúkọ, má fi àwọ̀ rà á. Gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ, nítorí ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Èyí tí ó lé oorun lójú mi gan-an ni pé o ń bù kún un rárá. Níbo ni ó ń lọ? Bí ó bá dín kù, rédíétọ̀ kékeré yẹn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀, híátà á sì rẹ̀. Fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì níwájú ìjókòó èrò bóyá ó tutù, wò ó bóyá gíláàsì iwájú ń ṣe kùrukùru ọlọ́ràá, bóyá òórùn dídùn kan ń bá atẹ́gùn jáde. Èéfín funfun òwúrọ̀ kò dẹ́rù bà mí, ó dá mi lójú pé gbogbo ọkọ̀ àdúgbò yín ló ń rú u; ṣùgbọ́n bí kò bá dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tàbí bí ọ́ìlì rẹ bá dà bí ògì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ìdí rẹ̀, ti ń jó, má sì fi ọkọ̀ yẹn gbé ọmọ lọ síbì kankan. Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná. Apá rẹ òsì kò tíì gbàgbé jíìpù Àlàájà.

Bí o bá ń ra tẹ́mósítáàtì, jọ̀wọ́, ra méjì, kí o fún ẹni tí ó bá ń bọ̀ wálé. Ti ọkọ̀ tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sì ń rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, ó ń da epo sí i ṣáá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọdún 2023, apá mi kò ká a mọ́, n kò sì lè sọ fún Ọ̀gá pé mo fẹ́ dá a padà síbẹ̀. Èyí tí mo rí rà níhìn-ín, mo sè é nínú omi híhó, kò ṣí. N óò fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lọ́tọ̀.

Ya fídíò ike kúláǹtì náà kí o tó wakọ̀ lọ sí iṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mò ń dúró dè é.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Sípánà Mẹ́wàá.