Àlàbí, Padà Sídìí Oògùn Rẹ

Mọ̀lété, Ìbàdàn.

Àlàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ nídìí bọ́ọ̀sì tí o ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Gbogbo wa wà dáadáa. Òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ti ń tún un mọ. Bírò ni mo gbé lónìí, nítorí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, n kò ní dé ìdajì kí o tó ní, "Mọ́mì, mo ti dé ibi iṣẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá o sọ fún mi, bí ẹni ń sọ iye tí tòmátì jẹ́ lọ́jà, pé dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ, o lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ wú, ara rẹ sì yá, o bá pa á tì. O tún rẹ́rìn-ín sí i. N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Hẹ̀rẹ̀hùrù tìrẹ ti ń ta dé Ìbàdàn.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí nípa ikú bàbá rẹ. O mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà náà, o ò lè mọ ìyókù.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò ni bàbá rẹ, ó ń na Èkó lójoojúmọ́, láti gáréèjì Ìwó Road dé Ọjọ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì bí ọ̀nà bá dára. Èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà nínú báàgì mi, orí ìṣó kan náà tí fìlà bàbá rẹ máa ń wà sì ni mo ń fi báàgì náà kọ́ sí. Lójúmọ́ kan mo lè wọn ogójì èèyàn tí n kò mọ orúkọ wọn. Ti ọkọ mi, n kò wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yọ ẹ̀rọ náà síta fún un, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, máa lọ wọn àwọn aláìsàn rẹ, ara tèmi le." Mo rẹ́rìn-ín, mo dá a padà sínú báàgì. Orí a máa fọ́ ọ lálaalẹ́, a ní eruku ọ̀nà ni. Nídàájí ọjọ́ Sátidé kan ó ṣubú ní balùwẹ̀. Oṣù méje ló fi dùbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́, èmi nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é, wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n jọ ń du ipò nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ni. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá wọn lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti wá ọ̀tá kiri ju kí n gbójú sókè wo báàgì tó kọ́ sórí ìṣó.

Kọndọ́ bàbá rẹ, Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ tó máa ń ra gúgúrú fún ọ, ṣì wà láyé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá kí mi bí ọdún bá dé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni méjì kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù tí o wà yẹn gan-an ni dókítà kan, Jerry Morris, ti rí irú rẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó pọ̀ jọjọ. Ayé ìgbà náà, bọ́ọ̀sì alájà méjì ní dẹ́rẹ́bà, ó ní kọndọ́. Dẹ́rẹ́bà á jókòó láti àárọ̀, kọndọ́ á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó tó àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Ní 1953 ni Morris gbé èsì rẹ̀ jáde pé àìsàn ọkàn ń mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọndọ́ lọ, ikú òjijì sì pọ̀ láàárín wọn. Àwọn kan ní bóyá àwọn tó sanra tẹ́lẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ó lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn (ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀), ó sì rí i pé lóòótọ́ ni ti dẹ́rẹ́bà fẹ̀ jù. Síbẹ̀, kọndọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti kọndọ́ tó níkùn, àwọn méjèèjì sàn ju dẹ́rẹ́bà tó jọ wọ́n. Morris fúnra rẹ̀ kò fi eré ìdárayá ṣeré rárá. Ní 2009 ló kú, ẹni ọdún 99.

Kò sí kọndọ́ mọ́ lórí bọ́ọ̀sì yín. Ìwọ nìkan ló kù nínú gíláàsì yẹn. Nítorí náà, bí o bá dé òpin ìrìn tí o fẹ́ mọ̀ bóyá èrò gbàgbé ẹrù, má fi kámẹ́rà wò ó, gun òkè lọ fi ojú rẹ wò ó. Nígbà ìsinmi rẹ, rìn jáde, má jókòó ti fóònù. Sì mú okùn, fi wọn gíga rẹ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ká a sí méjì, kí o wá fi yí ìkùn rẹ ká. Bí ẹnu okùn kò bá pàdé, o ti mọ ohun tó kù láti dín.

O sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ dá lóhùn. O ní, "Mọ́mì, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa." Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn dókítà Ìbàdàn àti Richard Cooper tó wá láti ìhà Chicago wọn ìfúnpá àwọn èèyàn ní Ìgbò-Ọrà, ìlú ìbejì tí o mọ̀ yẹn. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní Cameroon, wọ́n wọ̀n ọ́n ní Jamaica, Barbados àti St. Lucia, títí dé Maywood lẹ́bàá Chicago, lára àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti ìhà wa. Èsì jáde ní 1997. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ń ru lára 16 ní ìhà Áfíríkà wa níhìn-ín, 26 ní àwọn erékùṣù yẹn, 33 ní Maywood. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Bí ara ṣe ń tóbi sí i àti bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ ló ń bá iye náà gòkè. Ìwọ náà ti rìnrìn-àjò yẹn, ọkọ̀ òfuurufú lo kàn wọ̀. Kí o má sì rò pé ilé di ọ̀run o. Ọjọ́ ti pẹ́. Lónìí a ń jẹ nudù ní Ìgbò-Ọrà, ọ̀kadà sì ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn níhìn-ín ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru tí wọn ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ṣíbí tíì kan ni. Kóró màgí kan, ó tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín, mo rí mẹ́rin tó wọ inú ìkòkò kan. N kò sọ̀rọ̀, nítorí ìyá ọkọ tó bá ń ka màgí nínú ọbẹ̀ ìyàwó, ìjà ló ń wá. Ìwọ ni kí o bá a sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́. Irú tí wọn ò da iyọ̀ sí, àlùbọ́sà, ata rodo, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, ọbẹ̀ yóò dùn. Adìẹ díndín ẹnu ọ̀nà gáréèjì yín, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Àti àgbo onígò tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ: ọtí wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi nínú fídíò. Zóbò tí kò ní ṣúgà lè ran ìfúnpá lọ́wọ́ díẹ̀, mu ún bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn.

Oògùn gan-an wá ńkọ́? Amlodipine ni o pè é. Irú rẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fún àwa aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ yẹn, nítorí ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára wa. Ẹsẹ̀ wíwú wà lára ohun tó ń ṣe, ó wà nínú ìwé inú páálí rẹ̀. Padà lọ bá dókítà, fi ẹsẹ̀ hàn án. Ó lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o dá a dúró fúnra rẹ nítorí pé ara yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ara bàbá rẹ náà yá lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ mọ́ tó ṣubú, ó na Èkó ó sì bọ̀. Ohun mìíràn tún nìyí, bóyá èyí ni yóò bà ọ́ lẹ́rù ju ikú lọ: òfin ibẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà òkè ìfúnpá bá dúró ní 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ dúró ní 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀, o kò gbọ́dọ̀ wa bọ́ọ̀sì.

O rántí Ìdíkàn, níbi tí a ti máa ń lọ kí ìyá àgbà. Ní 1992 ni àwọn dókítà UCH bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn arúgbó ibẹ̀ wò, bí àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú tiwọn nígbà náà, láti mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra. Ní 2001 wọ́n ní àìsàn ìgbàgbé tuntun tó ń yọjú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i pé láàárín àwọn arúgbó wa, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àìsàn náà ń mú jù. Mo fẹ́ kí o dàgbà, kí o sì mọ orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ.

Mo ti fi ẹ̀rọ kan rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tuntun ni, mo ti fi wọn ara mi. Tọ̀ kí o tó lò ó, jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, fẹ̀yìn ti àga, má fi ẹsẹ̀ kọ́ra, gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, kí o sì dákẹ́, ìwọ tí o fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́. Bí kò bá tíì dé, àwọn apòògùn ibẹ̀ ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ti pé ogójì ọdún, ìwọ sì ti pé mẹ́tàlélógójì.

Ya fọ́tò nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí WhatsApp mi ní ọjọ́ Àìkú, kí o tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí n kò bá rí i, ìyàwó rẹ ni n ó pè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.