Àlejò yìgì kò gbọdọ̀ ti ilé ìtajà padà sílé

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí àlejò bá wá síbi yìgì ní Ìlọrin, tó ní òun fẹ́ fi ọjọ́ kan tàbí méjì wo ìlú, ibo là ń mú un lọ? Ilé ìtajà ńlá. Yóò lá áísìkiriìmù, yóò ya fọ́tò, ó parí. Ó máa ń dùn mí.

Òkèlélé lèmi máa ń kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ní àdúgbò Dada, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò. Ẹ̀rọ kankan kò sí ńbẹ̀. Wọn á da ìkòkò ògbólógbòó dojú dé, wọn á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, títí ìdí ìkòkò tuntun yóò fi jáde. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n dé ẹnu. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Àbúrò ìyàwó mi tó ti Èkó wá lọ́dún tó kọjá jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi kan àtàrí, ìkòkò mẹ́ta ló sì dì sínú mọ́tò. (Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya wọ́n ní fọ́tò, kí ẹ sì ra nǹkan. Iṣẹ́ oúnjẹ wọn ni.)

Òkúta tí wọ́n ní àwọn ará ijọ́un fi ń lọ irin, tí ìlú fi gba orúkọ, wà ní agbo ilé kan ní Ìdí-Àpẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́kadà ti gbé èmi àti àlejò mi kọjá ibẹ̀! N kò rí pátákó kankan tó júwe rẹ̀ lójú títì. Àbí òkúta tó sọ ìlú lórúkọ ni ká máa fi ẹnu wá kiri?

Ààfin Ẹ́míà àti Mọ́sálásí Àgbà kò ṣòro rí ní tiwọn. Ẹ jẹ wàrà díndín lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, Èsìé, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ni kí ẹ forí lé. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, òun ló sì ṣáájú gbogbo irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère òkúta inú rẹ̀ lé ní 800: ẹni tó jókòó, ẹni tó di ohun ìjà mú, obìnrin tó dirun. Àwọn kan á ní Òwù, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ló yẹ. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ dúró de ìgbà òjò, kí ẹ sì ní ọjọ́ kẹta lọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀: ẹ bá wa ya máàpù kékeré sínú ìwé ìròyìn yín ọjọ́ Jímọ̀, kó lè dọ́wọ́ àlejò kí yìgì Sátidé tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Ìlọrin