Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ fi ère ta ọ̀nà ìgbafẹ́ lọ́rẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi idẹ rọ ère Màmá tó ga ní mítà mẹ́ta, kí ẹ sì fi ta àwọn ará àdúgbò lọ́rẹ lẹ́bàá ọ̀nà ìgbafẹ́, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Àyà mi sì já díẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ̀yin ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ère tó wà nítòsí afárá kékeré yẹn ni. Èmi ń fẹsẹ̀ rìn, àràárọ̀ ni mò ń rí i. Ọmọdébìnrin kan jókòó, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Gbogbo ara rẹ̀ ti ṣú bí ìdí ìkòkò, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn ń dán bíi wúrà, torí kò sí ọmọ tó ń kọjá tí kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn àgbàlagbà náà á wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á rọra fọwọ́ kàn án. Ohun tó wù mí fún Màmá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé itan rẹ̀ jin kòtò, omi òjò ń dúró síbẹ̀, ewé sì ń rà sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ti jẹ èjìká rẹ̀. Nísàlẹ̀, bóòtù irin tó dè é mọ́ òkúta ti dípẹtà, omi pupa sì ti ya ìlà sára òkúta funfun náà. Ẹbùn lòun náà. Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà náà, wọ́n ní kò sí owó ìtọ́jú kankan tó bá a wá.

Ẹ ṣáà mọ Ère Òmìnira ní New York. Ilẹ̀ Faransé ló fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, síbẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá owó ibi tí yóò dúró lé. Ní 1885, ìwé ìròyìn Joseph Pulitzer tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé, èèyàn tó lé ní 100,000 ló dá sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì mú tó dọ́là kan wá. Wọ́n ṣí ère náà ní 1886. Bàbà ni awọ rẹ̀, irin ni egungun inú rẹ̀. Bí bàbà bá fara kan irin tí omi sì wà láàárín wọn, irin ló ń jẹ tán. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n fi nǹkan dí àárín wọn, àmọ́ ohun tí wọ́n fi dí i gbó. Kí ère náà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1986, wọ́n ti yọ àwọn ọ̀pá irin tó gbé awọ náà dúró, wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò wọn. Irú ìjẹ tó jẹ irin yẹn náà ló ń ṣe bóòtù irin tó de ọmọdébìnrin onídẹ wa mọ́ òkúta.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ga ní mítà mẹ́ta. Màmá fúnra wọn ò ga. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ẹni tó bá rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ọnà lu ihò síbi tí omi lè gbà jáde, kó sì kọ irú idẹ tó lò sílẹ̀ fún ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Owó tí gíga yẹn ì bá jẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún fífọ̀ àti ìda tí wọ́n ń fi pa idẹ lọ́dọọdún, kí òjò má bàa ráyè wọ inú rẹ̀. Kí àdéhùn wà lórí ìwé pẹ̀lú: ta ni yóò gbé wọn, níbo ni wọ́n ń gbé wọn lọ, bí ọ̀nà bá yà gba ibòmíì?

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé rí wọn látòkèèrè. Èmi fẹ́ kí wọ́n lè dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

Ní Sátidé, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílé, ẹ mú téèpù ìwọ̀n dání. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé kọ́nà tí Màmá ti máa ń jókòó tún okùn bàtà wọn so.

Àbúrò yín.