Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: téèpù tí a fi ń so fíìmù

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ àti káàkiri Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó bá wá ra téèpù ìsopọ̀ fíìmù (fíìmù rólù tí a ń fi pùròjẹ́ẹ̀tọ̀ wò) sábà máa ń bi wá pé, "Èwo ló lẹ̀ jù?" Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ bi wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé fíìmù tí a ká jọ, ara wọn ni wọ́n gbé lé. Gọ́ọ̀mù tó bá rọ̀ á yọ́ jáde létí téèpù, á lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lórí rẹ̀. Sẹ́lótéèpù tí a fi ń dí páálí ló burú jù níbẹ̀, pàápàá lábẹ́ páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Á pọ́n, á súnkì, ojú ìsopọ̀ á là. Bí ẹ bá wá fi ipá fa fíìmù tó ti lẹ̀ mọ́ra, àwòrán ni yóò ṣí kúrò bí èèpo.

Téèpù pọlíẹ́sítà (irú ike kan) tí wọ́n dìídì ṣe fún fíìmù ni kí ẹ rà. Ó fẹ́lẹ́, ó mọ́ gaara, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í rìn. Ó wọ́n ju sẹ́lótéèpù lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fíìmù ìsìnkú bàbá ẹni kò sí lọ́jà.

Ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti fíìmù mu: 16 mm fún 16 mm, 35 mm fún 35 mm. Ẹ ṣọ́ra fún fíìmù kékeré méjì, Super 8 àti 8 mm àtijọ́. Ìbú wọn dọ́gba, ihò etí wọn ò bára mu. Téèpù tí kò ní ihò wà fún ẹ̀rọ ìsopọ̀ tó ń lu ihò fúnra rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á, torí ihò tí téèpù bá dí, èékánná pùròjẹ́ẹ̀tọ̀ tó ń fa fíìmù á ṣì í, á sì ya etí fíìmù.

Gọ́ọ̀mù olómi ńkọ́? Fíìmù ásítéètì (irú ike mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù) ló ń bá ṣiṣẹ́, torí ńṣe ló ń yọ́ ojú méjèèjì pọ̀. Kò lè yọ́ fíìmù tí wọ́n fi pọlíẹ́sítà ṣe. Ẹ gbé rólù náà kọjú sí iná, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ti pọlíẹ́sítà á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ti ásítéètì á ṣú.

Tí ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú. Ẹ gé e lórí ìlà tó pín àwòrán méjì, kí orí méjèèjì fẹnu kora láìgun ara wọn, láìsí àlàfo. Ẹ lẹ téèpù, kí ẹ fi ẹ̀yìn èékánná tẹ̀ ẹ́ títí àwọn afẹ́fẹ́ funfun abẹ́ rẹ̀ yóò fi tán, tí ojú rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i, ẹ lẹ ẹ̀yìn náà. Ojú kan ṣoṣo tó fún ẹni tó ṣì ń gé fíìmù, tó ń tò ó, kò tó fún pùròjẹ́ẹ̀tọ̀: ńṣe ni ojú ìsopọ̀ á máa là bí ilẹ̀kùn. Bí fíìmù bá ní ìlà ohùn mágínẹ́ẹ̀tì (ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ etí fíìmù tí ohùn wà lórí rẹ̀), ẹ má lẹ téèpù lé e, ohùn á fò níbẹ̀.

Ẹ fi téèpù yín sínú ọ̀rá, kí ẹ wá kó o sínú agolo, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Fíìmù tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù so tẹ́lẹ̀, ẹ má bó o nílé. Ẹ gbé gbogbo rólù náà wá bó ṣe wà. Èyí tó bá sì ń rùn bí fínígà, ẹ fi í sínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé e wá.